Kílò Méjìlélógún

Ẹni tó bá rí Àgbá láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú títì ńlá, onítọ̀hún á rò pé wọ́n ń lé e bọ̀ ni. Àtẹ̀gùn méjìlélógójì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan afárá náà. Nígbà tó dé orí ìkẹtàdínlógún, ó di irin mú, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n jù sórí iyanrìn, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ọkùnrin kan tó ru ẹrù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró títí, sùúrù rẹ̀ tán.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa. Àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ́ síbí o, wọn ò kọ́ ibùsùn."

"Gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá."

"Ẹ̀gbẹ́ dà?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Àgbá náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí èémí tí yóò fi rín in. Ó yí padà, ó sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé bó di ọ̀la, òun yóò dé orí ìkejìdínlógún.

Àgbá kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ilé-ìfọṣọ ló ti rí i, níbi tó ti ń lọ aṣọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó sanra, ohùn rẹ̀ sì máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn dún bí ìgbà tí èèyàn bá lu àgbá omi. Kò bínú sí orúkọ náà rí. Ó máa ń sọ pé ilé tó bá ní àgbá, ibẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ti ń bu omi.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú ẹbí wọn. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wọn kú. Àgbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ igi. Ọmọ náà ti di bàbá ọlọ́mọ méjì báyìí, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì sì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Bó bá délé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lè gbé ayùn. Wọ́n ní àfi kí ẹnì kan nínú ẹbí yọ̀ǹda kíndìnrín kan fún un. Wọ́n yẹ ìyàwó rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá ara mu. Ọkùnrin tí wọ́n bí tẹ̀ lé Àgbá, ọjọ́ tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ kíndìnrín sílẹ̀ ló ti pa fóònù rẹ̀, kò sì tíì tàn án títí di òní. Ó wá ku Àgbá.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin àti àbúrò yín bá ara mu," ni dókítà obìnrin náà sọ fún un. "Kíndìnrín yín méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọmọge. Ẹ gun orí ìwọ̀n yìí kí n rí yín."

Àgbá bọ́ bàtà, ó gun ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á.

"Kílò mẹ́rinlélọ́gọ́rùn-ún."

"Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn," ni dókítà wí. "Ẹni tó bá ju méjìlélọ́gọ́rin lọ, a kì í la ara rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí níbí. Ẹ lè sùn kí ẹ má jí mọ́."

"Ibo ni kí n ti wá gé e, dókítà?"

"Ẹ máa rìn. Ẹ máa gun òkè. Ẹ dín oúnjẹ kù. Oṣù mẹ́fà ni mo fún yín. Bí ẹ bá gbé e wálẹ̀, a ó ṣe é." Ó wo ìwé àbúrò rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. "N ò ní tàn yín. Ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó kọjá ọdún yìí, n ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ á tún lè gba ọ̀bẹ."

Kílò méjìlélógún. Lójú ọ̀nà ilé, Àgbá ń wo ohun tí àwọn èèyàn gbé lọ́wọ́, ó ń wò ó bóyá èyí tó kílò méjìlélógún wà nínú wọn. Ó rí ọkùnrin kan tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan tí kò kún mọ́ sí èjìká. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irú èyí ni kí òun sọ̀ kalẹ̀.

Bí àárọ̀ ṣe ń mọ́ ló ń jáde. Ọlọ́dẹ ni ọkọ rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí kan ló ń ṣọ́, òròòwúrọ̀ ló sì máa ń bọ̀ wálé. Ìdí géètì ni wọ́n ti ń pàdé, ìyàwó ń jáde lọ gun afárá, ọkọ ń wọlé bọ̀ wá sùn.

"Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán," ni ọkọ rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan. "Ṣé ìwọ lò ń lé ejò ni, àbí ejò ló ń lé ọ?"

"Ọ̀rá ni mò ń lé, bàbá wọn."

"Ọ̀rá tí mo bá lára rẹ tí mo fi fẹ́ ọ! Ta ló fún ọ láṣẹ pé kí o máa da ẹrù mi nù lójú títì?"

"Ẹ lọ sùn o. Bí ẹ bá jí, ẹ wá ṣà á."

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, kò bá a ṣeré. Ó di géètì mú, ó ní, "Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, tí èyí tó kù bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò fún ìwọ ní tirẹ̀? Àbúrò rẹ ni?" Àgbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún okùn bàtà rẹ̀ so, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ẹ̀rọ, àbúrò rẹ̀ máa ń wá bá a ní ìdí afárá. Á gbé àpótí ìjókòó kékeré kan dání tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, á jókòó ti ògiri, á fi pẹ́ńsù káfíńtà fa ìlà kan sórí pátákó fún gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gòkè tó sì sọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, awọ ara rẹ̀ ti dúdú bí ohun tí èéfín gbá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣàìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbín kan kọjá lára yín báyìí. Ó ní kí n kí yín."

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."

"Dókítà ní kí ẹ má jẹ ẹran mọ́."

"Kí ló kàn ọ́? Ka iye tí mo gùn!"

"Ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀."

"Àbọ̀ báwo?"

"Èyí tí ẹ fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ yẹn, àbọ̀ ni mo kà á."

Bí Àgbá bá bínú báyìí, á tún gun ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tọ́ ọ níjà. Nígbà mìíràn, bí obìnrin náà bá ti wà lókè pátápátá, á bojú wolẹ̀, á rí i pé àbúrò òun ti gbórí lé eékún, kò ka nǹkan kan mọ́. Á dúró díẹ̀ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè rí àyè gbé orí náà sókè padà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oṣù kìíní, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Oṣù kejì, márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òjò ń rọ̀, tí ajá àdúgbò ń lé e, tí ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ọwọ́ pé kó jẹ́ kí àwọn sùn sí i. Á ní, "Ara, bó o bá kọ̀, màá gbé ọ lọ náà ni." Ó mọ ebi tí í mú èèyàn sunkún lórí àwo. Ó mọ bí òórùn oúnjẹ ilé aládùúgbò ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá èèyàn lórí ibùsùn. Síbẹ̀ kò fo ọjọ́ kan. Èèyàn lè fo ọjọ́ tirẹ̀, kì í fo ọjọ́ ẹlòmíràn.

Ní ilé-ìfọṣọ, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, ìdúró wákàtí mẹ́wàá ni àwọn obìnrin tó ń lọ̀ ọ́ sì ń dúró lójúmọ́, iwájú tábìlì gígùn kan, nínú ooru tó ń bó ni lójú. Ọ̀gá wọn ti kó gbogbo àga jáde láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá jókòó, iṣẹ́ náà á jókòó. Dípò àga, ó gbé agolo ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, hóró oògùn ara ríro ló kún inú rẹ̀, ó sì ń bù ún kún ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro, á bu omi, á bu hóró méjì sí i, á padà sídìí iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí oògùn lílò, bí ènìyàn kò ṣe ń ka omi tó mu.

"Ẹ wá wò ó o, àgbá wa ti ń jò!" ni Ẹlẹ́nu kígbe. Ẹlẹ́nu ni obìnrin tó dúró ti Àgbá nídìí tábìlì, kò sì sí ohun tí ń kọjá lójú rẹ̀ tí kì í dé ẹnu rẹ̀. "Aṣọ rẹ ti ń dá rìn lọ́tọ̀, ìwọ náà ń dá rìn lọ́tọ̀."

"Tìẹ ni kí o wò. Irin rẹ ti fẹ́ jó aṣọ."

"Jẹ́ kó jó. Ẹ̀fọ́ tútù yìí nìkan lo gbé wá láti àárọ̀? Ewúrẹ́ ilé wa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín ta lọ́rẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àgbá pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni Ẹlẹ́nu fi ìgbáròkó ti ẹrù aṣọ tó wúwo jù lọ́dọ̀ Àgbá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ìwọ̀n dé mọ́kànléláàdọ́rùn-ún, ó bá dúró síbẹ̀ gbọin. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, kò mì. Àgbá dín oúnjẹ tó ti dín tẹ́lẹ̀ kù, ó fi ẹ̀ẹ̀mẹta kún iye tó ń gun afárá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ sí irin, ó yọ̀, ó fi orúnkún ọ̀tún gbá etí àtẹ̀gùn. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, orúnkún náà ti tó orí ọmọ tuntun.

Ó rò ó pé kí òun sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, ó bá ọkùnrin kan pàdé lórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin náà fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní kíndìnrín. Ó sọ fún àwọn dókítà pé àyà máa ń dun òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gègé pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹkún tí ọkùnrin náà ń sun lórí bẹ́ǹṣì kò kúrò létí Àgbá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mú òun, kì í ka àbùkù ara rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣà á. Ó pa ẹnu mọ́.

"Kí lo ń rò?" ni Ẹlẹ́nu bi í nígbà tó rí i tó ń wọ́ ẹsẹ̀. "Ṣebí agolo wà níbẹ̀. Má wulẹ̀ lo méjì, méjì kì í ran èyí tó bá wú bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ni èmi máa ń lò, mo sì ń bẹ láàyè."

Ó lo mẹ́rin. Ó ràn án díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta, ìyẹn fún un ní èyí tó le ju ti inú agolo lọ, hóró pupa. Mẹ́ta láàárọ̀ kí ó tó lọ sí afárá, mẹ́ta lọ́sàn-án, mẹ́ta bó bá fẹ́ sùn. Orúnkún náà dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fi ọmú sí lẹ́nu. Àgbá gun afárá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀méjìlá. Ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ padà.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?" ni àbúrò rẹ̀ máa ń bi í láti orí àpótí. "Mo rí i pé ẹ ń fà á."

"Ẹsẹ̀ wà níbi tó wà."

"Ẹ má pa á lára nítorí tèmi o."

"Ta ní ń ṣe é nítorí rẹ? Mo fẹ́ kí bàbá wọn tún mi fẹ́ ni. Fa ìlà rẹ."

Oṣooṣù ló ń lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì á gbé e sórí ìwọ̀n, á ní, "Ṣé ara le?" Àgbá á ní ara le. Nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tán.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ gèlè, ó bọ́ yẹtí etí pàápàá. Ìwọ̀n mì, ó mì, ó dúró. Mọ́kànlélọ́gọ́rin àbọ̀. Nọ́ọ̀sì pariwo, ó fa àwọn nọ́ọ̀sì méjì mìíràn wọlé pé kí wọ́n wá wo obìnrin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta, kí wọ́n lè mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, lójú gbogbo èèyàn, ó di ẹsẹ̀ Àgbá mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ọkọ mi lọ́wọ́ ikú. Ẹ gbà á."

Ní ilé-ìfọṣọ, Ẹlẹ́nu fi aṣọ ibùsùn funfun bò ó lórí bí ìyàwó, wọ́n jó yí tábìlì ká títí ọ̀gá fi yọjú. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní kó jókòó. Kò tíì ní kó jókòó rí kí ó tó kí i.

"Ìyá, kíndìnrín yín kò rí bó ṣe rí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Kí lẹ ń lò?"

"N ò lo nǹkan kan."

"Ohun kan ti ń jẹ ẹ́. Ẹ ronú."

Àgbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ti orúnkún nìkan ni," ó ní. "Irú èyí tí gbogbo wa ń lò níbi iṣẹ́. Tèmi kàn le díẹ̀ sí i."

"Mélòó lóòjọ́?"

"Mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹta."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta."

Dókítà fi gègé rẹ̀ lélẹ̀. "Oògùn yẹn, bí wọ́n bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, kíndìnrín gan-an ló ń pa. Pàápàá lára ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀, tó sì ń làágùn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé orúnkún ń dùn yín?"

"Kí ẹ má baà pa orúkọ mi rẹ́."

"Nítorí orúnkún? Ìyá, ẹni tó ń tọ́jú eegun là bá rán yín sí. À bá fi oṣù kan tàbí méjì kún un fún yín."

"Ẹ pa ti ọkùnrin yẹn rẹ́ nítorí àyà."

"Àyà nìyẹn," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "Àyà yàtọ̀ sí orúnkún."

Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún Àgbá rí. Kò sì bi ẹnì kan.

"Ẹ yọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìdajì náà kì í ṣe òfo. Tèmi ni, mo fi sílẹ̀."

"A kì í gbé èyí tó ń kú lọ fún ẹni tó ń kú. Ẹ̀yin náà ò sì ní lè fi ọ̀kan tó kù gbé ayé." Dókítà fa ìwé kan, ó ń kọ ọ́. "Ẹ da oògùn yẹn nù lónìí. Èyí tó bàjẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè sàn, kò ní sàn tán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìrìn yín dúró o. Bí ẹ bá tún padà sanra, tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá bá yín, ẹ̀yin náà á dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ẹ máa bá a lọ."

Ẹ máa bá a lọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àgbá, ó rín in títí nọ́ọ̀sì fi ṣílẹ̀kùn wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ ẹ̀rọ lọjọ́ náà jẹ́. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá tí àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà kan jáde, ó ń gba òmíràn wọlé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ẹsẹ̀ ibùsùn. Bí Àgbá ṣe wọlé, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń retí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì sunkún.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ lahùn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, kò gbójú sókè bá Àgbá sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún wa, ẹ wá ń da oògùn sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà?"

"Nítorí kí n lè rìn ni mo ṣe ń lò ó. Nítorí rẹ̀ náà ni."

"Nítorí rẹ̀! Ẹ ò bá kúkú ti sọ pé ẹ ò ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kejì pa fóònù tirẹ̀, a mọ ibi tó dúró, a ti sunkún tirẹ̀ tán. Ẹ̀yin jẹ́ ká máa ka ọjọ́ fún oṣù mẹ́fà. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ fún wọn pé bàbá wọn á yè!"

"Ó tó," ni ọkùnrin náà wí. Ó yíjú sí Àgbá. Ojú rẹ̀ kò le, ìyẹn ló tún burú jù. "Mo bi yín nípa ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bi yín? Kí lẹ máa ń sọ fún mi?"

Àgbá tẹjú mọ́ rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ń gbà.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin kọ́ ni mí mọ́. Ẹ ò bá sọ fún mi. Èmi ni mo ń kú, àbí èmi kọ́? Mo tó ẹni tí wọ́n ń sọ òótọ́ fún." Ó kọjú sí ògiri. "Ẹ lọ sílé."

Nílé, ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó pòṣé, ó ní ó mà ṣe o, ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó gbé omi fún un, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kí ọkọ ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ balùwẹ̀ lọ, Àgbá gbọ́ ọ tó ń súfèé. Súfèé náà rọ̀, ó kéré, bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Obìnrin náà jókòó sórí ibùsùn, ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò bi í, ọkọ náà kò sì mọ̀ títí di òní pé wọ́n gbọ́ òun.

Ó sọ ọ̀rọ̀ agolo fún àwọn obìnrin ilé-ìfọṣọ. Wọ́n mi orí. Nígbà tó di ọ̀sán, Ẹlẹ́nu rìn lọ sídìí omi, ó bu hóró méjì.

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́." Ẹlẹ́nu gbé e mì. "Ta ni yóò bá mi dúró títí di ìrọ̀lẹ́, Àgbá? Ìwọ ni?"

Síbẹ̀ Àgbá ṣì ń rìn. Kò rí ẹni tí yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró fún. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó fi ọjọ́ mẹ́rin sùn títí oòrùn fi là, ó jẹ ohun tó wù ú, kò sì rí adùn kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rù ìdí ẹ̀rọ bà á, ó dìde. Ìrìn tí ẹ̀rù ń lé èèyàn rìn wúwo ju èyí tó rìn tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, bó bá rẹ̀ ẹ́, ó ní ẹni tó lè rò. Báyìí, ara rẹ̀ nìkan ló ń rìn fún, ojú sì ń tì í bí ẹni tó ń jẹun níwájú ẹni tí ebi ń pa. Àwọn obìnrin àdúgbò ń dá a dúró lójú afárá.

"Màmá, ẹ dẹ̀ ti wá rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lò? Ẹ sọ àṣírí rẹ̀ fún wa."

Á ní kò lo nǹkan kan, ìrìn ni. Wọn kì í gbà á gbọ́. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pé ahun ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ méje kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tí yóò bá ọkọ òun dé ìdí ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ tutù. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ti sọ, Àgbá náà kò retí ẹ̀bẹ̀. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n jókòó ti ara wọn. Ọkùnrin náà béèrè ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àgbá ní ó wà. Ó béèrè iṣẹ́, ó ní iṣẹ́ wà. Ara rẹ̀ ti fọ́ sí i, apá rẹ̀ ti tín-ín-rín débi pé ẹ̀gbà tó wọ̀ sọ́wọ́ ń yọ̀ bọ́ sí ìgúnpá. Dókítà tó kọjá lówùúrọ̀ kò dúró bá wọn sọ nǹkan kan nípa ọ̀bẹ.

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn," ni Àgbá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò lágbára rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n jáde. Ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ kò jìnnà, kò ju òpó iná mẹ́ta lọ. Àgbá gbé àpò oògùn rẹ̀ dání, ó ń sọ fún un pé kí wọ́n yára kí ọkọ̀ má baà kún, ó ń rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ti kọ́ láti rìn. Ó ti kọjá òpó kejì kó tó mọ̀ pé òun nìkan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó wẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kò tíì dé ti àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ kan lé ògiri.

Ó sáré padà. Kò mí gulegule, àyà rẹ̀ kò já.

"Ẹ rọra máa rìn," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ ti yá jù fún mi."

Àgbá dì í lápá mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Àgbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ́ra mọ́, ńṣe ló ń fà á síwájú bí ajá tí wọ́n so lókùn. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ méjì, á dúró, á ka márùn-ún sínú, kí ó tó gbé ẹ̀kẹta.